Ìrora Ẹ̀yìn ni Mo Gbé Lọ, Àárẹ̀ ni Wọ́n Kọ́kọ́ Bi Mí: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ ní Ilé Ìtọ́jú Ìrora Kan ní Ìbàdàn

₦137,500 ni mo ná ní ilé ìtọ́jú yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: ₦15,000 fún ìpàdé àkọ́kọ́, ₦9,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìpàdé méjìlá tó tẹ̀ lé e, àti ₦14,500 fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà ni mí, owó kékeré kọ́ ni èyí lójú mi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí mo rí níbẹ̀, dáadáa rẹ̀ àti àléébù rẹ̀, fún ẹnikẹ́ni tó bá ń rò ó bóyá kí òun náà gbé ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tirẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Ilé ìtọ́jú aládàáni ni, àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìmárale àti ọwọ́ tọ́jú ara ríro, ló ń ṣe é, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sì ń bọ̀ níwájú.

Ọdún kẹfà rèé tí ìbàdí ti ń ro mí. Ìrora náà a máa gba itan ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ dé orúnkún, pàápàá lọ́jọ́ tí mo bá dúró níwájú bọ́ọ̀dù fún kíláàsì mẹ́rin tẹ̀léra. Mo ti fi òrí pa á, mo ti fi Aboniki pa á, mo ti mu àgbo oríṣiríṣi, mo sì ti gbé diclofenac mì débi pé kí n tó la ẹnu ní kẹ́mísì àdúgbò wa ni ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ti máa ń nawọ́ mú un. Síbẹ̀, mo ti mọ bí mo ṣe ń bá ìrora yẹn gbé. Ohun tí n kò mọ bí mo ṣe lè bá gbé ni pé ó ń rẹ̀ mí. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí mo sì jókòó ti ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, mo lè ka ìdáhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n má mọ ohun tí ọmọ náà kọ. Mo lè sùn láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago mẹ́fà àárọ̀, kí n jí bí ẹni tó gúnyán mọ́jú. Bàbá àwọn ọmọ mi ní oorun mi ti pọ̀ jù. Ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, tí kò fẹ́ pè mí ní ọ̀lẹ lójú mi, sọ fún mi pé ìyá òun bí ọmọ mẹ́jọ, ó sì ń lọ sóko títí ó fi pé àádọ́rin ọdún. Mo gbọ́ ohun tó ń wí. Kí n má purọ́, èmi pàápàá ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Físíò tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní físíò láti 1966. Ó ń pè mí ní Mọ̀mí, mo ń pè é ní dókítà; ó ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé òun kì í ṣe dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ìbéèrè ló ń bi mí, ìbéèrè tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn orúkọ àti ọjọ́ orí nìyí: “Mọ̀mí, tí ẹ bá jí láàárọ̀, ṣé ara yín máa ń fúyẹ́ ni, àbí ó máa ń wúwo ju ti alẹ́ lọ?” Nínú gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ẹ̀yìn yìí kiri, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tó ń dùn mí ni wọ́n máa ń bi mí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kọ oògùn.

Ó dùn mọ́ mi pé Yorùbá ló fi bi mí, nítorí èdè wa ti so nǹkan méjèèjì pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Bí a bá ní bàbá ń ṣàárẹ̀, àìsàn là ń wí, a kò sọ pé bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, àárẹ̀, la tún fi ń pe ohun tó ń mú ẹni tó ti oko dé. Físíò náà ní kí n bá òun yà wọ́n sọ́tọ̀: àárẹ̀ tí oorun ń wò, àti àárẹ̀ tí oorun kò wò. Mo sọ fún un pé èkejì ni tèmi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kọ ohunkóhun nípa ìbàdí mi.

Mo mú fọ́tò X-ray tí mo ti yà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn dání, mo sì fẹ́ kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí. Ó wò ó, ó ní eegun ẹ̀yìn mi ti jẹ díẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú fọ́tò yẹn tí kò sì sí ibi tó ń ro wọ́n. Àlàyé tó ṣe tẹ̀ lé e ni mo gbà pé ó tó ₦15,000. Ó ní àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí nípa ìrora, ìyẹn IASP, ka ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta sí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àti pé láti 2022, tí ìwé tuntun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, irú ìrora bẹ́ẹ̀ ti ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn, yálà a rí ọgbẹ́ tó fà á tàbí a kò rí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìrora kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tó ń dunni nìkan mọ́. Iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ àti ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti lè di elétí mímú jù, tí wọ́n á máa gbọ́ ariwo níbi tí ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́, ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣe tọ̀sántòru yìí sì ń jẹ agbára.

Mo bi í pé báwo ni ẹ̀yìn dídùn ṣe lè mú kí n má lè ka ìwé ọmọ kíláàsì kẹta. Ó ní kí n ronú nípa ìyá tó ń dáná tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọbẹ̀ náà á jinná, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí iyọ̀ pọ̀ jù, nígbà tí ó bá sì fi máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó se ọbẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọpọlọ mi ní ọmọ tó ń ké lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn àfiwé yẹn débi pé mo ti lò ó fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ oorun ló gùn jù. Mo ti rò pé bí mo bá ti sun wákàtí mẹ́sàn-án, mo ti sùn nìyẹn. Físíò náà ní oorun ní ìpele, àti pé ìrora lè jẹ́ kí ènìyàn wà lójú oorun láìwọ oorun àsùnwọra, níbi tí ara ti ń tún ara ṣe. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí Harvey Moldofsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú Toronto, tí wọ́n gbé jáde ní 1975: wọ́n fi ariwo dí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le lọ́wọ́ kí wọ́n má baà wọ oorun àsùnwọra, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n jí tán, láàárín òru mélòó kan, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ọmọ náà, àárẹ̀ sì mú wọn, bí ẹni pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Nítorí náà, ìrora ń ba oorun jẹ́, oorun tó bàjẹ́ ń dá kún ìrora, àárẹ̀ sì ń jẹun lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ó fi kún un pé ní 1990, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn làkúrègbé ti Amẹ́ríkà kọ ìlànà fún dídá fibromyalgia mọ̀, ìyẹn àìsàn tí ìrora fi ń gba gbogbo ara kan, ojú ibi méjìdínlógún lára ni wọ́n ní kí a tẹ̀, kí ó kéré tán mọ́kànlá dunni. Ó di 2010 kí àárẹ̀ àti oorun tí kì í tuni lára tó wọ inú ìlànà náà. Ogún ọdún gbáko. Ó jọ pé kì í ṣe kẹ́mísì àdúgbò wa nìkan ni kò bèèrè.

Ohun kejì tí mo fi ń yìn wọ́n ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo kọ́kọ́ bínú sí i, mo rò pé ọgbọ́n àtigbowó ni. Físíò náà ní òun kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àárẹ̀ bí ẹni pé inú ìrora nìkan ló ti wá, kí ó wá lọ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni kò tó, tàbí pé ìtọ̀ ṣúgà ń bẹ ní ìkọ̀kọ̀, tàbí pé ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 29. Obìnrin tí kò lóyún yẹ kó ní 36 ó kéré tán. Ó wá bi mí nípa ìgbọ̀nsẹ̀ mi, bóyá ó máa ń dúdú bí ọ̀dà, ojú tì mí láti dáhùn, nítorí ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń rí i tí mo sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀fọ́. Diclofenac ló ń họ inú mi, ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ láti inú ikùn láìsí ariwo. Ó kọ lẹ́tà fún mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà, dókítà ibẹ̀ dá diclofenac dúró, ó fún mi ní oògùn ọgbẹ́ inú àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo ń lò títí di ìsinsìnyí. Ẹ bá mi wò ó: oògùn tí mo ń rà kí n lè ní agbára láti dúró níwájú bọ́ọ̀dù ló ń fa agbára náà gba abẹ́ jáde.

Wọ́n tún gbé gbogbo oògùn mi lé orí tábìlì, èyí tó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn máa ṣe. Nínú àpò mi ni oògùn òtútù kan wà tí mo máa ń lò láti fi sùn, ó ń mú kí oorun kun mi dọ̀sán ọjọ́ kejì. Paracetamol wà nínú oògùn òtútù náà, ó sì tún wà nínú páálí mìíràn tí mo ń lò lọ́tọ̀, láìmọ̀ pé mo ń gba ẹnu ọ̀nà méjì wọlé kan náà. Ohun tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ni gíráàmù mẹ́rin, ìyẹn hóró mẹ́jọ oní 500mg. Mo ti kọjá rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo ń lo tramadol, nítorí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, òun náà sì máa ń fa oorun àti ara wíwúwo. N kò lò ó rí, ọpẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan tí mo ní láti máa kọ ohun mẹ́ta sí: ohun tí mo ṣe, ìṣẹ́jú tó gbà mí, àti bí ara mi ṣe rí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ìwé kékeré yìí ṣe ju gbogbo ẹ̀rọ wọn lọ. Mo ti gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ ló ń pa mí, àfi ìgbà tí mo ka ìwé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo rí i pé ọjọ́ Sátidé ni ọ̀tá mi. Nítorí pé ara mi sábà máa ń fúyẹ́ lọ́jọ́ náà, n ó fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan, n ó lọ sí ọjà Bódìjà, n ó se ọbẹ̀ sílẹ̀, n ó gúnyán fún àlejò. Ó di ọjọ́ Ajé kí n tó lè tẹ́ ibùsùn. Físíò náà ní èyí wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn tí ìrora wọn ti pẹ́: ọjọ́ tí ara bá yá, a ó san gbèsè gbogbo ọ̀sẹ̀, ara á sì gba èlé rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìlànà tí ó fún mi ni pé kí n máa dáwọ́ dúró nígbà tí agbára ṣì kù. Mo ń fi aago fóònù mi sí ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, bí ó bá ti dún, n ó jókòó, ìbáà ṣe aṣọ kan ṣoṣo ló kù nínú báàfù. Ìdajì báàfù yẹn dùn mí lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ju ẹ̀yìn lọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbede méjì.

Eré ìmárale tí wọ́n fún mi kéré débi pé mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré: ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, dídìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹfà, àti fífà iṣan itan. Ìlọsíwájú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ bí ara mi bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń kún ìrìn náà lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tó yá àti lọ́jọ́ tí kò yá. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ni físíò náà ń sọ, mo sì sọ fún un pé ẹni tó bá lọ́gbà kì í pa òwe yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìṣẹ́jú méjìlá ni mo ń rìn. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ń rìn ín lójoojúmọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní TENS, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìbàdí tí iná á máa ta ènìyàn jẹ́jẹ́, kò ṣe mí ní ohun púpọ̀. Ìtumọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dára: Melzack àti Wall ló sọ ní 1965 pé ilẹ̀kùn kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ìfọwọ́kàn lè tì mọ́ ìrora díẹ̀, bí a ṣe máa ń fọwọ́ ra ibi tí a bá fi gbá nǹkan. Ara mi a máa tù mí bí ó bá wà lára mi, bí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ á padà dé kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀. Bí owó yín bá ní ìwọ̀n, ẹ ní kí wọ́n fi ìdajì wákàtí TENS yẹn bá yín sọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ràn oorun wọn ní èyí tó wúlò àti èyí tó jẹ́ ti ìlú mìíràn. Kí n máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí oorun ọ̀sán má kọjá ìdajì wákàtí, kí n fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún méjèèjì bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, ìrọ̀rí náà sì jẹ́ ẹ̀bùn ńlá. Ṣùgbọ́n ìwé ìmọ̀ràn náà tún ní kí yàrá mi tutù, kó dákẹ́. Ẹni tó kọ ìyẹn kò tíì sun Ìbàdàn lóṣù kẹta, nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń ké.

Ó wá kan àléébù wọn, èyí tí mo gbà pé ó tóbi nítorí pé ó lòdì sí ohun tí àwọn fúnra wọn ń kọ́ wa. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà láti ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kà á. Ẹni tó ń gba fáìlì wà lókè, ẹni tó ń gba owó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn á gùn ún lọ forúkọ sílẹ̀, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sanwó, á tún gùn ún lọ jókòó dúró pẹ̀lú rìsíìtì. Bẹ́ǹṣì tí a ń jókòó lé kò ní ẹ̀yìn. Ìpàdé tí wọ́n fi sí aago mẹ́wàá fún mi, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan, ó sì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́tàlá. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ mi pé agbára ní iye, pé kí n máa ṣọ́ ọ ná, ilé náà gan-an ló ń ná an lójú àtẹ̀gùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo sọ fún ọ̀gá wọn. Ó ní òun gbọ́. Títí mo fi parí, ẹni tó ń gba owó ṣì wà nísàlẹ̀.

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: bí ẹ bá dé níbẹ̀ ní agogo mọ́kànlá, ẹ ó bá ènìyàn mẹ́fà tó ń tòògbé. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Gbàgi, orúnkún méjèèjì ló ń dùn wọ́n. Wọ́n sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, ìrora yìí kò lè pa mí, a ti jọ dàgbà. Rírẹ̀ tó ń rẹ̀ mí yìí ni mi ò mọ ibi tó ti wá.” Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ìwé wọn, odo ni wọ́n kọ sí iwájú àárẹ̀, ìyẹn pé kò rẹ̀ wọ́n rárá. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà, ojú ewé mẹ́rin, ọmọ ọmọ wọn ló sì ń bá wọn kọ ọ́. Ó bi wọ́n pé, “Ìyá àgbà, ṣé ó ń rẹ̀ yín?” Ìyá dáhùn bí Yorùbá ṣe ń dáhùn, wọ́n ní, “Mo dúpẹ́ o.” Ọmọ náà kọ odo. Ilé ìtọ́jú tó ní físíò tó mọ Yorùbá í bèèrè ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn kò ní àwíjàre fún ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ọmọbìnrin kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, ibà líle kan ló ṣe é tí agbára rẹ̀ kò sì padà bọ̀ láti ìgbà náà. Bí ó bá fi ara ṣe nǹkan díẹ̀ lónìí, ọ̀la àti ọ̀túnla ni ara rẹ̀ á dà wó lulẹ̀. Ìlànà fífi ìṣẹ́jú kún ìṣẹ́jú tí wọ́n fún mi ni wọ́n fún òun náà, ó sì burú sí i. Àárẹ̀ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ní 2021, àjọ NICE tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn eré ìmárale fún àwọn tí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dà láàmú, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni wọ́n yọ eré ìmárale onípele, irú èyí tí wọ́n ń fi kún díẹ̀díẹ̀, kúrò nínú ìtọ́jú àìsàn ME, níbi tí iṣẹ́ díẹ̀ ti ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó yí tirẹ̀ padà, ó sì yẹ kó jẹ́ pé ìwé kékeré tí wọ́n fún un ló kọ́kọ́ sọ fún wọn, bí wọ́n bá ń kà á.

Tí akápò wọn bá gbé bẹ́líìtì ìbàdí ₦38,000 síwájú yín nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ bi físíò yín léèrè kí ẹ tó rà á. Mo bi tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, mo sì fi owó mi sínú báàgì.

Ibi tí mo dé báyìí ni mo máa sọ bí ó ṣe rí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, láti odo dé mẹ́wàá, mo fún ìrora mi ní méje, mo fún àárẹ̀ mi ní mẹ́jọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìrora wà ní márùn-ún, àárẹ̀ sì wà ní mẹ́rin. PCV mi ti di 34. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ aago fóònù, n kò sì rò pé àwọn náà lè sọ ọ́. Ìbàdí mi ṣì ń ro mí lówùúrọ̀ tí mo ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ní ìdánwò sáà tó kọjá, mo máàkì ìwé ogójì nírọ̀lẹ́ kan, ogún, ìsinmi, ogún, mo sì mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ. Mo ti gba àga gíga kan sí kíláàsì, mo ń jókòó kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà wò mí tìyanutìyanu fún ọjọ́ méjì péré.

Ẹni tí irú ibẹ̀ yẹ fún ni ẹni tí ìrora rẹ̀ ti pẹ́, tí dókítà ti wò, tó sì ń jí pẹ̀lú ara wíwúwo. Kò yẹ fún ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, tí ibà ń ṣe lóru, tí abẹ́ rẹ̀ tàbí àárín itan rẹ̀ kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ̀; ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ tó san owó ìpàdé àkọ́kọ́ níbikíbi, ẹ béèrè lórí fóònù bóyá wọ́n máa bi yín nípa oorun, bóyá wọ́n máa wo oògùn yín, àti àtẹ̀gùn mélòó ni.

Ìpàdé àtúnyẹ̀wò mi di oṣù kẹta sí àkókò yìí, mo sì máa lọ. Mo ti ní kí wọ́n fi mí sí aago mẹ́jọ àárọ̀, àbúrò mi ni yóò sì dúró sanwó nísàlẹ̀.